Ìka Tí Sódà Jẹ

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹ bá máa jí ọbẹ̀ ọ̀rẹ́ yín jẹ, ẹ má jí ìtàn bó ṣe sè é mọ́ ọn. Ohun tó mú Ọmọlará nìyẹn ní Igando, lọ́dún 2014.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ilé ìwé ti ní kó wá ìwé ẹ̀rí yunifásítì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Ló bá forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń ṣe tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀ náà. Ìdánwò àṣekágbá nìkan ló ń gbé wọn dé gbọ̀ngàn. Hàbíbátù, ìyá tó ń po ọṣẹ ní Ìkòtún, ni wọ́n jọ ń lọ sí kafé. Ohun tí Hàbíbátù bá kọ ni Ọmọlará ń wò kọ. Á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn ná.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọlará tẹ àtàǹpàkò, iná aláwọ̀ ewé tàn, ó wọlé. Hàbíbátù tẹ tiẹ̀. Pupa. Ó nù ún mọ́ ìró, ó tún un tẹ̀. Pupa.

"Màmá, ta lẹ wá bá ṣèdánwò?" Ọ̀gbẹ́ni Festus, alábòójútó, ló bi í.

"Èmi náà ni, sà. Sódà ọṣẹ ló jẹ mí níka. Káàdì mi rèé."

"Káàdì? Ayédèrú wo ni wọn kì í tẹ̀ jáde ní Ìkòtún!" Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ìyá àgbà, ẹ ò sì tijú."

Hàbíbátù nawọ́ sínú gbọ̀ngàn. "Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Ọmọlará, sọ fún wọn jàre."

Ọmọlará ti fẹ́ dìde. Festus ní, "Ẹ dúró ná. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ìdáhùn tẹ́ẹ̀sì Hàbíbátù yìí àti ti ẹnìkan dọ́gba látòkè délẹ̀. Ẹnìkejì yẹn là ń wá. Ta ló mọ màmá yìí?"

Ọmọlará rántí ilé ìwé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó jókòó padà.

"Mi ò mọ̀ wọ́n rí, sà."

Hàbíbátù wò ó. Kò bú u, kò tú u fó. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì lé e síta bí ẹni lé ewúrẹ́ nídìí gààrí.

Festus lọ wá orúkọ ẹnìkejì náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó padà, ìdí tábìlì Ọmọlará ló dúró sí.

"Mádàámù, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ ara yín ṣàpẹẹrẹ nínú tẹ́ẹ̀sì. Ẹ kọ ọ́ pé, 'Ọṣẹ mi dì bí ẹ̀kọ nítorí mo kánjú da sódà sí i.' Ẹ̀yin náà ń po ọṣẹ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà... díẹ̀díẹ̀ ṣá."

"Ẹ mú ọwọ́ wá." Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ìka yìí dán ju ìdí ọmọ tuntun lọ, kò lápá kankan! Irú sódà wo ló mojú yín báyìí?"

Ẹ̀rín tún sọ. Festus wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ, a ò sì tí ì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Nọ́ńbà oníkafé ló fi sílẹ̀ níbí, ìpè kò sì wọlé. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ fún mi ní tiẹ̀, kó padà wá ṣèdánwò rẹ̀."

Nọ́ńbà náà wà lórí ahọ́n Ọmọlará. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti jẹ́wọ́.

"Mádàámù, a fẹ́ ti ilẹ̀kùn."

Ó ká ọwọ́ dídán náà sábẹ́ tábìlì.

"Ẹ má bi mí mọ́, sà. Mi ò ní í sọ nǹkan kan mọ́."