Ibi Tí Gìtá Thuy Ti Rọ̀

Ẹ má bá mi jiyàn: kò sí ẹgbẹ́ olórin tó le tó tiwa ní gbogbo Worcester. Èmi Rafe ni mò ń lùlù, Corwin ń fi ariwo kọrin, Thuy ń ta gìtá. Orin wa kì í rìn tààrà. A ó ka ìlù méje, a ó ka mọ́kànlá, kí olùgbọ́ tó mọ ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí, a ti yà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kà á, mi ò ṣì í kà rí.

Nígbà tí Thuy wá mú nǹkan tuntun dé, inú bí mi. Ó fẹ́ kí ariwo dákẹ́ láàárín orin, kí òun nìkan máa ta gìtá jẹ́jẹ́, bí ẹni ń lá àlá.

Mo ní, "Thuy, ṣé orí ẹ pé ṣá? Àwọn tó wá forí gbárí lo fẹ́ rẹ̀ sùn?"

"Ìwọ ṣáà ka mẹ́rìnlélógún, kó o tó fi ìlù fọ́ ilé padà."

Corwin bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá oníṣirò, ọmọbìnrin yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ o!"

"Irọ́ ni. Gé e kúrò!"

Ọjọ́ Mọ́ńdè la fẹ́ lọ gba orin náà sílẹ̀. Thuy ní kò burú: tí àwọn èèyàn bá dúró káwọ́ mọ́ àyà níbi eré wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú ẹ̀, òun fúnra òun á gé e. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí orin dùn mọ́ kì í dúró sójú kan.

Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán Sọ́ńdè, gbọ̀ngàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì kún fọ́fọ́. A bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kọlu ara wọn, bàtà ń fò lókè. Tí ẹnì kan bá ṣubú, ẹni méjì á gbé e dìde. Lójijì ni a dákẹ́, ó ku gìtá Thuy.

Gbogbo wọn dúró gbagidi. Wọ́n káwọ́ mọ́ àyà.

Ẹ má bú mi, inú mi dùn. Mo ní mo ti borí. Ojú Thuy fà ro, àmọ́ ó ń ta gìtá ẹ̀ lọ. Mò ń kà. Ohùn náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó mọ́ lóló, ó ń wọ èèyàn lára. Ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan wà níwájú, imú ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò tiẹ̀ rántí nù ún. Yéè! Ìgbà tí mo máa fi rántí ara mi, ọ̀pá ìlù wà lókè lọ́wọ́ mi, Corwin ń wò mí tìyanu-tìyanu, mẹ́rìnlélógún ti kọjá tipẹ́.

Thuy ò dúró. Ó tún un ta látìbẹ̀rẹ̀, ó ń wò mí, ó wá mi orí sí mi nígbà tó tó. Mo lù ú. Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Nígbà tá a parí, mo bá a lẹ́yìn ọkọ̀ wa, ó ń ká wáyà.

"Wọ́n káwọ́," ló wí. "Màá gé e."

"Má dán an wò!"

"Kò wọ̀ wọ́n lára, Rafe."

"Ta ló ń sọ tiwọn? Èmi ni mo ṣì í kà."

Ó gbójú sókè. "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Rárá o. Mo gbàgbé pé mò ń lùlù. Ó dùn jù, Thuy. Mi ò fẹ́ kó tán."

Ó ká wáyà náà mọ́ ọwọ́. "Tó o bá tún sọnù lọ́la ńkọ́?"

"Kó o dúró dè mí."

Ó bú sẹ́kún tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì fi wáyà ọwọ́ ẹ̀ nà mí léjìká.