Etí Òsì Bàbá Ìbejì

Bí ẹ bá rí Bàbá Ìbejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ ó rò pé ilé ẹjọ́ ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta hẹ́ẹ̀dífóònù ni, ohun tí èèyàn ń gbé bo etí méjèèjì láti fi gbọ́ orin. Inú ẹlòmíì ì bá máa dùn. Ẹ̀rù ló ń ba òun.

Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà ló ń ṣe. Ọkọ̀ tó bá forí gbá ògiri, òun ló ń fi òòlù bẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ á fi tọ́, gbàgà gbàgà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti di adití báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó kọ́kọ́ gbá a léjìká. Etí òsì ọ̀gá yìí ló kọ́kọ́ lọ. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó bá Bàbá Ìbejì tí kì í fọwọ́ kan etí òsì tirẹ̀ wò.

Ọkùnrin yìí sì fẹ́ràn orin tí báàsì rẹ̀ wúwo, èyí tó ń dún gbìm lábẹ́ orin tí ife á fi máa rìn lórí tábìlì. Ẹ gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kò ní jà. Ẹ pa báàsì, ẹ ti pa òun náà. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó rẹ̀ bímọ sí yàrá kejì, wọ́n sì ní kó gbé àpótí orin rẹ̀ pamọ́, nítorí ọmọ tuntun kì í sùn nínú ilé tí ògiri rẹ̀ ń jó. Hẹ́ẹ̀dífóònù ló kù. Kó má wọ́n, kó má fún orí pọ̀, kí báàsì rẹ̀ kún ikùn. Kò wá ju ìyẹn lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, télọ̀ ni, ó ní òun á bá a lọ kí wọ́n má baà ta ìranù fún un.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá kò wọ́n rárá, àmọ́ ó gbá orí mú bí ẹ̀mú. Bàbá Ìbejì ní bí òun bá fi gbọ́ orin kan tán, orí òun á ti gùn bí ìbẹ́pẹ. Èkejì rọ̀ bí ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ló ń kọrin nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wá jọ nǹkan: fóòmù rẹ̀ fẹ̀, ó bo etí láì tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, wáyà kan ṣoṣo ló sì yọ láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Wọ́n ki wáyà náà bọ fóònù, wọ́n tan orin.

Gbìm.

Ẹ̀rín jáde lójú Bàbá Ìbejì, kò sì jìnnà tó fi padà. Ọ̀tún ń dún. Òsì dákẹ́ bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Ó mirí. Ó fìka lu fóòmù òsì. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n igbe ló fi sọ ọ́, tí àwọn tó wà ní òdìkejì títì fi yíjú.

Ìyá Ìbejì bá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ti ń fura. Òun á pè é pé kó wá pọn omi, kò ní dáhùn. Kó wá wẹ ọmọ, kò ní mira. Òun ti sunkún títí lórí máṣíìnì, òun tilẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ìbejì pé kí wọ́n máa dúró síwájú bàbá wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù wá ba Bàbá Ìbejì gan-an. Omi yẹn, ó gbọ́ ọ. Ọmọ wíwẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ńṣe ló ń díbọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ó lè búra fún gbogbo rẹ̀? Àbí níbi tó ti ń díbọ́n ni etí ọ̀hún ti bá tirẹ̀ lọ?

“Ẹ fara balẹ̀, bàbá,” ni oníṣọ́ọ̀bù wí. “Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Bí òsì bá ń dún báyìí tí ọ̀tún dákẹ́, hẹ́ẹ̀dífóònù ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ òsì náà ló ṣì dákẹ́…” Ó gbé ṣingọ́ọ̀mù mì. “Ká yí i ná.”

Ó bọ́ ọ lórí rẹ̀, ó yí i, ó nà án sí i. Bàbá Ìbejì ti dijú, ó ń gbàdúrà. Ó gbà á, ó yí i bí wọ́n ṣe wí, ó gbé e borí.

Gbìm. Ọ̀tún ni. Òsì dákẹ́.

Ó jókòó sórí páálí kan, páálí náà sì rì mọ́ ọn lábẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ló ń rò, Kẹ́yìndé, tó máa ń sọ àṣírí sí i létí òsì. Ta ni yóò sọ fún ọmọ náà pé kó bọ́ sí ọ̀tún?

“Ó ti lọ,” ló wí. “Etí mi ti lọ.”

Ìyàwó rẹ̀ dì í mú léjìká. Ibi tó ti ń nu ojú ara rẹ̀ ni ojú ọ̀hún ti kan wáyà.

“Òsì ni wáyà yìí wà kí ẹ tó yí i,” ló wí. “Kí ló tún ń ṣe lósì?”

Oníṣọ́ọ̀bù ní òun yí i. Bàbá Ìbejì ní òun náà yí i. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀,” ni Ìyá Ìbejì wí. Ó gbà á, ó yí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lé ọkọ rẹ̀ lórí.

Báàsì já wọ etí òsì Bàbá Ìbejì, ó gba eyín, ó gba àyà, ó dé orúnkún. Ọ̀tún ló dákẹ́ wàyí. Ó bú sẹ́kún. Wọ́n tú irú rẹ̀ mìíràn láti inú páálí tuntun, tọ̀tún tòsì ń dún, ó sanwó láì dúnàá-dúrà. Ayọ̀ gùn ún débi tí ẹnu rẹ̀ fi bọ́.

“Ṣé mo wí? Kò sóhun tó ṣe mí. Omi tó o ní kí n pọn lánàá gan-an, ketekete ni mo gbọ́.”

Oníṣọ́ọ̀bù rántí pé òun ní nǹkan láti tò lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn.

“Ẹ ń gbọ́,” ló wí. “Ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wá ń wò mí bí mo ṣe ń sunkún.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà, hẹ́ẹ̀dífóònù tuntun lọ́rùn. Kò dán an wò kó tan orin. Ẹ̀rù tó bà á nínú ṣọ́ọ̀bù, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Nígbà tí wọ́n dé orígun àdúgbò, obìnrin náà kò wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju báàsì yòówù lọ.

“Bàbá…”

“Mò ń gbé korobá omi bọ̀,” ni Bàbá Ìbejì dáhùn.