Àgádágodo Ẹ̀yìnkùlé

"Ẹ dá a padà fún un, Àǹtí Verna," ni mo wí. "Ìyẹn kọ́ ni tiyín."

Harlan, ọ̀gá mi, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí mo ti ń tajà, ti gbé ìbọn ìléwọ́ pínńkín kan lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ìdí ìbọn náà pupa rẹ́súrẹ́sú bíi súìtì ọmọdé. Harlan ní ìbọn obìnrin ni, pé ó fúyẹ́, pé ó wọ inú báàgì. Gbogbo obìnrin tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé, ìbọn kan náà yìí ló máa ń nà sí wọn, nítorí pé ó ti pẹ́ lórí àtẹ. Kì í sọ fún wọn pé ìbọn tó bá fúyẹ́ jù máa ń ta síni lọ́wọ́ bí wọ́n bá yìn ín, àti pé ibi tí ìka ti ń fa eléyìí le bí ìdérí ìgò tó ti dípẹtà.

"Rhonda, má ba ọjà mi jẹ́," Harlan wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí oníbàárà máa dán an wò?" Mo gba ìbọn náà, mo ṣí ikùn rẹ̀, mo rí i pé kò sí ọta níbẹ̀, mo sì fi han Àǹtí Verna kí òun náà fojú ara rẹ̀ rí i. "Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri òkúta yẹn, mà. Ẹ wá fà á."

Ó fà á. Kò mira. Ó fi ìka méjì fà á, ó há ètè mọ́ra, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ìbọn náà kò dá a lóhùn. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni Àǹtí Verna ti ń fọṣọ lóru. Aṣọ ibùsùn àwọn ẹlòmíràn ló ti jẹ oríkèé ìka rẹ̀ tán.

"Harlan, tí olè bá wọlé, ṣé kí Àǹtí Verna ní kó mú sùúrù kí òun fi ìka kẹta kún un ni?" mo bi ọ̀gá mi.

Harlan kùn, ó bá tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mo kó àwọn mìíràn sílẹ̀. Èyí tó ní irin lórí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kí ọta tó lè bọ́ sójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Nígbẹ̀yìn ni mo mú ìbọn irin dúdú kan, kì í ṣe arẹwà, ẹnu rẹ̀ gùn díẹ̀, ó wúwo, àmọ́ ibi ìfà rẹ̀ rọ̀. "Ìwúwo yẹn ni kò ní jẹ́ kó ta yín lọ́wọ́," mo wí. "Ọta tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ la ó sì máa fi sí i, nítorí ilé pákó lẹ ń gbé. Ọta líle á la ògiri kọjá lọ bá aládùúgbò tó ń jẹun jẹ́jẹ́."

Ó gbé e, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri òkúta láìjẹ́ pé mo tún sọ, ó fà á. Ó dún kẹ́.

"Eléyìí gbọ́ tèmi," ó wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an, mà?"

Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí gíláàsì. "Mo fẹ́ máa sùn ni, Rhonda."

Gbogbo ìlú wa ló mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Orville, ọkọ rẹ̀, wa èédú nínú kòtò títí eruku èédú fi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì kú nígbà ìwọ́wé. Wọ́n gbé ìkéde ìsìnkú sínú ìwé ìròyìn, tọjọ́, taago, torúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí oògùn olóró ti sọ dìdàkudà ládùúgbò wa máa ń ka ìkéde òkú ju àwọn àgbà lọ, torí wọ́n mọ̀ pé ilé á ṣófo, àti pé oògùn ìrora olóògbé á ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Bí a ti ń kọrin lórí pósí Orville ni wọ́n ń fi irin tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ìdajì tí ìlú kò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn yẹn kò ṣeé tì mọ́. Díákónì Dwight Pruitt ló ni ilé. Òun gan-an ló gba àdúrà ìkẹyìn létí sàréè, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àǹtí Verna sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn fún un kí ewé orí sàréè tó gbẹ, ó ní òun á rán gbẹ́nàgbẹ́nà wá. Yìnyín bọ́, yìnyín yọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà kò yọjú. Ọmọ àbúrò Àǹtí Verna ní òun á ra àgádágodo tuntun, òun á sì bá a kàn án. Díákónì ní bí wọ́n bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn òun, òun á lé Àǹtí Verna jáde.

"Olè tún padà wá lóṣù tó kọjá," Àǹtí Verna wí. "Ọ̀sán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti sùn. Mò ń gbọ́ ọ bó ti ń fa dúrọ́ọ̀ yọ ní kíṣínnì, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì. Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu. N ò rò pé mo mí títí ó fi lọ."

"Ọlọ́pàá ń kọ́?"

"Wọ́n ní kí n tún ilẹ̀kùn ṣe."

"Díákónì ń kọ́?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Verna, lọ ra ìbọn lọ́dọ̀ Harlan. Ìlú wa nìyí, oníkálukú ló ń ṣọ́ ara rẹ̀.'"

Harlan yọrí láti ẹ̀yìn. "Díákónì ló rán yín wá? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àgádágodo tí kò tó ohun tí Díákónì ń ná lórí oúnjẹ ajá ọdẹ rẹ̀ ló sọ opó di oníbàárà wa. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ìbínú mi kò lè bá a ti ilẹ̀kùn. Mo ta ìbọn dúdú náà fún un. Mo sì sọ fún un pé tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, àfi kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, à ń lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń gbé búrẹ́dì àgbàdo tó ṣì gbóná wá, ó fi aṣọ ìnuwọ́ wé e. Mo gba búrẹ́dì, mo sì le mọ́ ọn. Èmi kì í fi ìbọn ṣeré. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ yìnbọn sí.

"Àǹtí Verna, ṣé ọta wà nínú ìbọn yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde lójú mi."

"Ó wà níbẹ̀ títí n ó fi kú. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lo wí."

"Ìka yín ń kọ́?"

"Ó wà níta ibi ìfà."

"Ìgbà wo ló máa wọlé?"

"Ìgbà tí mo bá rí ẹni náà, tí mo dá a mọ̀, tí mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn." Ó mí kanlẹ̀. "Rhonda, ìyá ọkọ mi ò le tó ìwọ yìí."

Mo kọ́ ọ pé kó máa tì í mọ́ inú àpótí irin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo kọ́ ọ pé kó má ṣe máa wá olè kiri inú ilé. Kó dúró sí yàrá, kó pe ọlọ́pàá, kó kígbe bi í pé ta nìyẹn, kí ẹnu ìbọn sì kọjú sílẹ̀. Mo ní ẹni tó bá yìnbọn lu ohun tí kò rí, apànìyàn ni, ì báà jẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Nígbà tó yá, ó ń yìnbọn lu bébà tí mo gbé kọ́ sáàárín pápá bó ṣe wù ú. Ó ní òun ti ń rí oorun díẹ̀ sùn. Ó ní Orville ì bá rẹ́rìn-ín títí, torí òun ò lè pa eṣinṣin nígbà tó wà láyé.

Ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù Karùn-ún ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́, obìnrin yìí kì í sì í purọ́. Ó ń sùn. Ó gbọ́ tí àga tó fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣubú. Ó gbọ́ ìró bàtà ní kíṣínnì, ó ju ti ẹnì kan lọ. Ó tẹ ọlọ́pàá láago, ó ṣí àpótí, ó mú ìbọn, ó kígbe pé, "Ta nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kígbe. Ìró bàtà ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá nínú aṣọ ìsùn, ó kọ ẹnu ìbọn sílẹ̀, ìka rẹ̀ sì wà níta.

Díákónì Pruitt ló yọ sí i. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ láti ìlú ńlá tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ ra ilé náà kí wọ́n máa fi gba àwọn àlejò tó ń wá gun òkè wa. Díákónì kò sọ fún Àǹtí Verna rí pé òun fẹ́ ta ilé. Ó ń wí fún wọn lọ́wọ́ pé, "Yàrá tó tóbi jù nìyí."

Àǹtí Verna rí i, ó dá a mọ̀. Lójú ẹsẹ̀, ó gbé ìbọn sórí tábìlì, ó mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Díákónì, ẹ ò kanlẹ̀kùn," ó wí. "Mo ké lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ni," Díákónì wí. "Ilé mi sì ni."

Ọlọ́pàá tí Àǹtí Verna fọwọ́ ara rẹ̀ pè, Díákónì ló dúró dè wọ́n lójúde, òun ló kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ìbọn lọ. Láti lé ayálégbé jáde lásán, ó gba sùúrù àti oṣù. Ẹni tó bá fi ìbọn halẹ̀ mọ́ onílé, kíá ni. Díákónì mọ òfin yẹn dáadáa, ó sì ti dé kóòtù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

"Jókòó jẹ́ẹ́, Rhonda," Harlan wí fún mi lọ́jọ́ ẹjọ́. "Díákónì àti ẹgbẹ́ ọdẹ rẹ̀ ló ń ra ọta jù lọ́wọ́ wa."

"Ẹ wá ẹlòmíràn tí á máa jókòó jẹ́ẹ́ fún yín," mo wí, mo bọ́ épúrọ́ọ̀nù mi sórí àtẹ, mo sì lọ.

Ẹjọ́ náà kò pẹ́. Tọkọtaya yẹn ti padà sí ìlú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n. Adájọ́ bi Àǹtí Verna pé ṣé ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Díákónì fọwọ́ lé Bíbélì, ó ní òun rí ẹnu ìbọn náà gedegbe tó kọjú sí òun láyà. Mo dìde. Mo ní èmi ni mo kọ́ obìnrin yìí, mo ní kí wọ́n bi Díákónì nípa àgádágodo.

"Ẹ jókòó, mà," adájọ́ wí. "Ọ̀rọ̀ àgádágodo kọ́ la wá sọ níbí."

"Òun ló ní kí n lọ ra ìbọn," Àǹtí Verna wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé akọ̀wé ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Adájọ́ ní ìyẹn kò kan ẹjọ́ náà, ó sì pàṣẹ pé kó kó jáde nílé Díákónì.

Nígbà tí a jáde, Díákónì bá mi lórí àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ sí mi. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Rhonda. O kọ́ ọ dáadáa. Ká ní ẹlòmíràn ni, ì bá ti pa mí."

Ọkùnrin yìí mọ̀. Ó mọ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Ó mọ̀ pé ohun tí obìnrin yẹn kọ́ lẹ́yìn ìsìn ló jẹ́ kí òun ṣì máa fẹsẹ̀ ara òun rìn, ó sì ti fi ìbọn kan náà lé e jáde kúrò nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kú sí.

"Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá yín sí," mo wí. N ò gba ọwọ́ rẹ̀.

"Mò ń fi í sínú àdúrà," ó wí, ó sì dé fìlà rẹ̀.

Ọkọ̀ mi la fi kó ẹrù Àǹtí Verna. Àga gígùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò máa sùn lé, nítorí náà púpọ̀ nínú ẹrù náà ló fi tọrẹ. Ó di fìlà irin tí Orville ń dé wọ kòtò mú lórí ẹsẹ̀. A ò tíì kúrò lójúde tí ọkọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ tí Díákónì pè fi dé. Ọmọkùnrin náà pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà iwájú, ó kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀yìn. A ń gbọ́ ìró irin tó ń lu igi. Ó jáde, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Àǹtí Verna sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan, mo tẹ̀lé e. Ó yà sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí Orville ti kú. Kò mira. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ibi ìdìmú rẹ̀, ó fà á, ó mì ín. Ilẹ̀kùn náà dúró gbọn-in.

"Ó tì," ó wí. Ó tún mì ín. "Wá wò ó, Rhonda, ó tì dáadáa. Ká ní mo gbé búrẹ́dì àgbàdo síná nígbà tí ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì bá tíì jinná tó fi parí."