Ohùn Tó Ń Kùn Lábẹ́ Fèrè

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ilé-iṣẹ́ rédíò àdúgbò fi ń gbé orin jáàsì àti búlúùsì sáfẹ́fẹ́, láti inú téèpù sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn tó di olóògbé. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ìyàwó olóògbé wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

“Màmá, ẹ gbọ́ bí mo ṣe tún un ṣe,” ni ẹnjiníà wí tayọ̀tayọ̀. “Bàbá kì í rántí pa máìkì. Wọ́n á máa kùn tẹ̀lé fèrè bí oyin inú agolo. Mo ti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò.”

Màmá tẹ́tí. Fèrè náà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ọmọ mi, ṣé o ò tíì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́?”

“Rárá o, mà. Ó wà. Àmọ́ ohùn Bàbá ò bá orin mu rárá.”

“Ta ló ní ó bá a mu? Ogójì ọdún ni mo fi bá bàbá yín jà lé e lórí. Jọ̀ọ́, dá a padà.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó fi ti àkọ́kọ́ sí i. Kò pẹ́ tí ohùn Bàbá fi yà bàrá kúrò lójú orin.

“O ò rí wọn? Wọ́n tún ti ṣìnà,” ni Màmá wí, ó sì fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ.