Ilẹ̀ Ijó Òtẹ́ẹ̀lì Tarver

Tẹlifóònù kú mọ́ Idella lọ́wọ́ níbi tó ti ń júwe ilé fún àwọn ará ọsibítù. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún gbé e sétí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó sùn. Kò sí ọkọ̀ aláìsàn tó máa wá gbé ìyá òun mọ́ lónìí, òun lòun sì fà á.

Ìyá rẹ̀, Zenobia Tarver, wà lórí ibùsùn ní yàrá òkè. Ó ti ṣubú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, dókítà sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e àfi àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú rẹ̀. Láti àná tí wọ́n ti kéde pé ìjì ń bọ̀ ló yẹ kí Idella ti ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ará Galveston ni, ìlú erékùṣù kan ní Texas, àwọn ará Galveston sì gbẹ́kẹ̀ lé ògiri wọn. Lẹ́yìn Ìjì Ńlá tó gbá ìlú náà lọ nígbà tí Zenobia ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, wọ́n mọ ògiri kọnkéré sí etí òkun, ojú rẹ̀ tẹ̀ bí inú ṣíbí, kí ìgbì tó bá lù ú lè yí padà dojú kọ ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní ìjì ń bọ̀, ará Galveston á lọ wo ògiri. Tó bá ti rí i pé ó dúró, á padà sílé lọ se oúnjẹ.

Idella náà ti lọ wò ó láàárọ̀. Ó dúró. Ó wá padà wálé, ó kan pákó mọ́ àwọn fèrèsé tó kọjú sí òkun, ó to àpò yanrìn sí ẹnu ilẹ̀kùn iwájú. Ẹni tó bá a gbé àpò náà ni Roscoe Pettiway, àlejò kan ṣoṣo tó kù ní òtẹ́ẹ̀lì wọn, ọkùnrin sísanra kan tó ń ta ìpara irun kiri. Ìlú Waco ló ti wá, níbi tí ènìyàn lè dàgbà kó darúgbó láìfojú kan òkun. Òjò ti wọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, kò tan. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣàwàdà, ó ní bí omi bá dé, òun á fi ìpara òun pa ara, omi á máa yọ̀ kúrò lára òun.

Òtẹ́ẹ̀lì Tarver kì í ṣe ilé ńlá. Pákó ni látòkè délẹ̀. Igi àwọn ilé tó wó nínú Ìjì Ńlá ni bàbá Zenobia ṣà jọ tó fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn yàrá kan kò fi jọ ti èkejì. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì gíga etí òkun kì í gba aláwọ̀ dúdú, àfi tó bá gba ẹ̀yìn wọlé láti wá fọ abọ́ tàbí láti wá fun fèrè. Àwọn tó fun fèrè níbẹ̀ ló máa ń wá sùn sí Tarver. Wọ́n á jẹ ọbẹ̀ edé Zenobia, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè lọ́tun, lọ́tẹ̀ yìí fún ìgbádùn ara wọn. Àwọn tọkọtaya tuntun á wá láti Houston, wọ́n á gbé bàtà wọn lọ́wọ́ bọ̀ láti etíkun, wọ́n á sì jó pẹ̀lú yanrìn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ìlú gbé àwọn ilé sókè láti rọ yanrìn sábẹ́ wọn kí ilẹ̀ lè ga, jáàkì ni wọ́n fi gbé Tarver, tòun ti àwọn àlejò tó ń jẹun nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á to yí ilé ká, ọ̀gá wọn á súfèé, gbogbo wọn á yí jáàkì wọn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọfí inú ife kò sì ní dà. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti wà lórí àwọn òpó bíríkì. Ńṣe ló jókòó lé wọn. Wọn kò dè é mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò máa ń rántí jù ni ilẹ̀ ijó tó wà ní gbọ̀ngàn. Lucius, ọkọ Idella tó ti dolóògbé, ló ṣe é. Èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa dí àlàfo ara ọkọ̀ ojú omi. Bó ṣe ń ṣe ọkọ̀ náà ló ṣe ilẹ̀ yìí. Ó fi òòlù gbá òwú okùn ògbólógbòó sáàárín pákó kan àti èkejì, ó yọ́ ọ̀dà lé e, ó ha á títí ó fi ń dán. Ó ṣe ti ilé ìdáná àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bákan náà. Ọ̀rinrin kò rí abẹ́ gbà wọlé, kòkòrò kò rí abẹ́ gbà wọlé. Zenobia nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní kí Lucius fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, Lucius kò gbà, gbogbo ènìyàn sì rò pé ìjà àna àti àna lásán ni.

Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Idella jókòó sí gbọ̀ngàn, ó ń fetí sí bí ìgbì ṣe ń lu ògiri lọ́hùn-ún, gbì, gbì, inú ilẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Nígbàkigbà tó bá lù, á sọ nínú ara rẹ̀ pé ó ṣì dúró. Roscoe lọ bu kọfí ní ilé ìdáná. Ó pẹ́ kó tó padà, nígbà tó sì padà, kò mú kọfí bọ̀, kò sì ṣàwàdà. Ó ní kí Idella jọ̀ọ́ kó wá wo ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀sà ló ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò wo ọ̀sà. Ẹ̀yìn ìlú ló wà, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, kò sì sí ògiri kankan lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ ti yí padà, ó ti gbá omi ọ̀sà jọ, ó sì ń tì í bọ̀ nínú ìlú. Òkun máa ń pariwo kó tó dé. Eléyìí kò pariwo. Ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ó gbé àpótí àlùbọ́sà àti bàtà ẹsẹ̀ kan lérí, ó ń gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé bí àlejò tó mọ ilé.

Idella ní kí Roscoe bá òun dí ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé tìmùtìmù ibùsùn méjì, wọ́n kàn wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n fi aṣọ ìnura dí gbogbo ojú àlàfo. Ibẹ̀ dì pa. Omi ga níta, ó dé ẹsẹ̀ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun gíláàsì. Idella dúró nínú ilé gbígbẹ, ó ń wo inú omi láti ẹ̀gbẹ́, koríko tó ń yí, ẹja kékeré kan tó ń fẹnu kan gíláàsì. Kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ọkàn Roscoe ti balẹ̀ díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

“Ẹ wò ó, Ìyáàfin Idella, ẹ̀kán omi kan ò wọlé. Ọkọ yín mọṣẹ́ o. Ọkọ̀ ojú omi lẹ ń gbé, ẹ ò sì sọ fún mi.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ilẹ̀ mí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan gbọ̀ngàn, ó lọ dé igun kejì, ó dún bí ìgbà tí màlúù bá fẹ́ dìde. Dùùrù tó wà lẹ́bàá ògiri yí lórí táyà kékeré rẹ̀, ó rìn wá sí àárín gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀, ó sì dúró. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Lẹ́yìn náà, Idella sáré gòkè.

Ojú ìyá rẹ̀ là sílẹ̀. Àtùpà tó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sára àjà ló ń wò.

“Ó ti ń léfòó,” ni Zenobia wí. Kò gbé ohùn sókè. “Mo ti ń wo àtùpà yẹn. Kò rọ̀ dọ́gba mọ́.”

“Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá mi.”

“Afẹ́fẹ́ máa ń mi ilé ni. Kì í gbé e dìde. Lọ mú àáké.”

Idella mọ ohun tó ń wí. Kò sí ọmọ Galveston tí kò gbọ́ ọ rí, bí àwọn kan ṣe gé ihò sílẹ̀ ilé ara wọn nínú Ìjì Ńlá kí omi lè wọlé. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìtàn ni. Zenobia wá sọ èyí tí kò sọ rí. Ó ní nígbà tí bàbá òun ń gé ilẹ̀, ìyá òun di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gé e. Ilé tó kángun sí tiwọn dára ju tiwọn lọ, kò jò, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì gé nǹkan kan. Òun dúró lójú fèrèsé, òun rí i tó gbéra nílẹ̀. Iná ṣì ń jó nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí àwọn jọ ń ṣeré wà lójú fèrèsé tiẹ̀, ó ń wo òun, ilé náà sì ń gbé e lọ.

“Omi ìta nìkan ló ń gbé ilé,” ló wí. “Tó bá ti wà nínú, tó wà níta, kò rí nǹkan gbé mọ́. Ọkọ rẹ dí ilé mi bí igbá. Lọ jẹ́ kó wọlé.”

“Tó bá wọlé tí kò dúró ńkọ́? Tó bá gòkè bá yín níbí? Mi ò lè gbé yín, Ìyá mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbé yín.”

“Tó bá dé, màá rí i. Idella. Lọ.”

Roscoe bá a ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó rí àáké lọ́wọ́ rẹ̀, ó na apá méjèèjì dí i lọ́nà. Ó rò pé ẹ̀rù ti dà á lórí rú. Ó ní àwọn ti ń lé omi látàárọ̀, ṣé ó wá fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn fún un ni? Ohùn Zenobia sọ̀kalẹ̀ láti òkè.

“Ará Waco, kúrò lọ́nà ọmọ mi, tàbí kó o jáde nínú ilé mi.”

“Jáde lọ síbo, Ìyá?” ni Roscoe dáhùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ṣókùnkùn. Ilé àwọn Gaudet, aládùúgbò wọn, ló ń kọjá. Wọ́n ti sálọ láti àná, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ilé náà ń yí jẹ́jẹ́ lórí omi, kọ́tìnnì rẹ̀ wà létòlétò, ìkòkò òdòdó kan ṣì wà ní ìloro iwájú rẹ̀. Ó fi igun rẹ̀ kan Tarver fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ilé dún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Roscoe sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó sì mú irin tí wọ́n fi ń kó eérú jáde.

Idella gbé àáké sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ta padà. Ó tún sọ ọ́, ó há. Pákó líle ni Lucius lò, ahọ́n ọ̀kan sì wọ ẹnu èkejì, tí ènìyàn bá gé ọ̀kan, gbogbo ìyókù á dì í mú. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle, ó fi ipá mú ara rẹ̀ ronú. Ẹni tó bá ń to pákó láti ògiri dé ògiri, ti ìkẹyìn kì í ní àyè láti kì bọ ẹnu èyí tó ṣáájú; ńṣe ló máa ń gé ahọ́n rẹ̀ kúrò kó lè tẹ̀ ẹ́ wọlé láti òkè. Ibo ni Lucius parí sí? Lẹ́bàá ògiri tí dùùrù wà tẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Roscoe fi irin hú ọ̀dà, Idella fa okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń bọ̀ gígùn gbọọrọ, ó gbẹ, bí ọjọ́ tí Lucius gbá a wọlé. Wọ́n ki irin bọ àlàfo, àwọn méjèèjì sùn lé e.

Pákó fò. Omi tú sókè lu Idella láyà, ó tutù, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ àti kẹrosíìnì. Ó ké. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó dì í padà, kó jókòó lé e, kó fi ọwọ́ dí i. Roscoe ní ó tó bẹ́ẹ̀. Kò tó. Ilé ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ihò wà, àwọn àga ń sún. Ihò gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì náà, kí ilé lè kún dọ́gba. Pákó ibẹ̀ ti tú ẹnu sílẹ̀ báyìí, wọ́n ń hú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọ́ lọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kan sí èkejì, omi dé kókósẹ̀, ó dé agbede ojúgun. Wọ́n hú ti ilé ìdáná. Omi dé orúnkún.

Ilé náà sì jókòó. Ó bà lé orí òpó rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí eyín Idella fi pàdé ara wọn. Àwo ṣubú ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mì mọ́.

Wọ́n gòkè lọ jókòó ti Zenobia. Ẹ̀rù kò lọ. Ó kàn pààrọ̀ ibi tó ń wò ni. Idella ń lọ sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo omi tó ń gbé ìpele àtẹ̀gùn kan mì tẹ̀ lé èkejì. Dùùrù ń lu ara rẹ̀ mọ́ ògiri nísàlẹ̀. Ó gbàdúrà. Ó ṣírò bí òun àti Roscoe ṣe lè fi ilẹ̀kùn gbé ìyá òun lọ sábẹ́ òrùlé, ó sì rí i pé ẹnu ọ̀nà òrùlé kéré ju ilẹ̀kùn lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Omi dé ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́rí, ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ìpadà náà sì yára ju bíbọ̀ rẹ̀ lọ. Zenobia ní kí wọ́n má tíì yọ̀, pé ilé tí omi tó ń bọ̀ kò gbé, omi tó ń lọ ń fà á ya, nítorí èyí tó há sínú á máa ti ògiri síta. Wọ́n fetí sílẹ̀. Nísàlẹ̀, ihò ilẹ̀ ijó ń fa omi mu pẹ̀lú ariwo ńlá, bí ọ̀fun ẹni tí òùngbẹ pa. Ògiri ké, ó ké, kò ya.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Roscoe sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó, ó sì padà wá sọ pé ẹrẹ̀ kún ibẹ̀ dé orúnkún, pé ilé ti kúrò lórí òpó igun kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi fìlà bojú, ó ń sunkún.

Idella dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí pákó, ó ń dúró bóyá ilé máa mí.

“Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀,” ni Zenobia wí lókè. “Ilé ti jókòó.”

“Mo mọ̀, Ìyá mi,” ni Idella dáhùn. Kò gbé e kúrò.