Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Oníwàrà

Oníwàrà ni wọ́n ń pè é ní láàbù, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní màlúù kankan. Omi ọmú àwọn abiyamọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò dé nínú ike, ó ti dì gbagidi. Á jẹ́ kó yọ́, á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí títí ọ̀rá á fi léfòó, á wá yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì kúrò nínú omi tó kù. Purotéènì yìí ni wọ́n ń kán sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọn á wò ó. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti kú, ẹni tó kọ́kọ́ rí i á kígbe pé, "Ó pa á!" Kò sẹ́ni tó ń fi "nínú àwo" kún un. Kí lèèyàn tún fẹ́ máa ṣàlàyé fún ẹni tí wọ́n jọ ń fọ àwo?

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó pa á lóòótọ́. Jẹjẹrẹ kú, sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò sì fara pa. Inú Oníwàrà dùn dẹ́yìn. Ó sáré pe ìyá rẹ̀, tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá fínra, lórí fóònù.

"Màmá, omi ọmú yẹn pa jẹjẹrẹ o!"

Ìyá hó yèè. Ọ̀gá ń pe Oníwàrà, ló bá gé fóònù.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Wọn ò sọ fún wa pé odindi tó máa dà lè má jẹ́ tiwa. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá pè, á ní, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Oníwàrà á ní, "Ó ń lọ, Màmá." Ó tán.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì pè é láti ilé ìwòsàn: Ìyá ò wá gba abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ rẹ̀ mọ́ láti oṣù mẹ́ta. Oníwàrà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wọkọ̀. Kò sunkún. Ó ka gbogbo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà, kò sì mọ ohun tó kà.

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán etí aṣọ ibùsùn.

"O ti gbé e dé?"

"Gbé kí ni, Màmá?"

"Oògùn ni. Mo ti ṣáyè sílẹ̀ fún un nínú fíríìjì. Kí ni mo tún fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tó ń mú irun orí re ṣe, nígbà tí ọmọ mi ti pa á? Ọmú ló ń ṣe mí, ọmú náà ló máa wò mí."

"Inú àwo ló ti pa á, Màmá. Kò tíì dé ara èèyàn. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá. Ó sì lè má ṣiṣẹ́ rárá."

Ohùn Oníwàrà gbẹ bíi ti ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ó yẹ kó kúnlẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀, kó ké. Ó dúró, ó ń retí ẹkún, ẹkún ò wá.

"Àwo," ni Ìyá wí. "Àwo ìjẹun?"

"Àwo kékeré, Màmá." Ó fi ìka ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Jẹjẹrẹ yẹn ò tiẹ̀ tó ẹ̀kún ṣíbí. Òun lẹ wá ń pariwo lé lórí." Ó ká aṣọ náà, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà gbé fọ́tò àyà Ìyá sí ojú iná. Jẹjẹrẹ náà ti kọjá ọmú, ó ti wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní ká ní Ìyá ń gba abẹ́rẹ́ ni, bóyá ni ì bá débẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ dá a dúró, Màmá?" ni dókítà béèrè.

Oníwàrà la ẹnu. Ìyá di orúnkún ọmọ rẹ̀ mú gírígírí lábẹ́ tábìlì.

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, dókítà. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló bà mí. Ọmọ mi yìí bá mi jà títí, mi ò gbọ́ tiẹ̀ ni."

Dókítà yíjú sí Oníwàrà, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi rárá, ó ti ṣe ojúṣe ọmọ.

"Ẹ ṣé, sà," ni Oníwàrà wí.