Orúkọ Melenaite àti Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Jí

Kì í ṣe bátìrì. Bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, ó lágbára, kò rẹ̀ ẹ́... ó kàn kọ̀ láti gbaná ni. Aago ìkíní ti lù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkejì kò ní pẹ́. Bí ìkẹta bá lù tí mi ò sí níbẹ̀, ta ni yóò pe orúkọ ọmọ yẹn? Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ti ní orúkọ tiwọn lẹ́nu — rárá. Melenaite ni. Orúkọ ìyá mi. Èmi ni mo ni ín láti fi fúnni.

Fara balẹ̀. Tọ ipasẹ̀ epo bí o ṣe ń tọ ìran. Táǹkì bí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù bí asẹ́, asẹ́ bí ẹnu ẹ́ńjìnnì. Mo lè ka ìran mọ́kànlá láìmí, ṣé mẹ́rin ni yóò wá ṣòro?

Pọ́ǹpù: mo ṣí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó kùn, ó dákẹ́. Ó yè. Asẹ́: ọwọ́ ara mi ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Lọ́jọ́bọ̀ mo tú ọ̀pá epo, epo ta jáde, díẹ̀ ló kù kó bà mí lójú. Púlọ́ọ̀gì ń taná dáadáa. Orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi ti kọ́ mi. Èmi ló kọ́, kò kọ́ àbúrò mi ọkùnrin. "Etí ọmọbìnrin yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Bẹ́ẹ̀ ló wí.

Gbogbo ọmọ ìran epo ló pé sílé, kò sí èyí tó sọnù. Kí ló wá dé?

Láràárọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ló ń ṣe é. Tó bá ti gbóná, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jí. Nígbà tó bá tutù ló ń ṣagídí. Èéfín rẹ̀ funfun, ó ń rùn bí — bí kí ni? Mo mọ òórùn yẹn. Òórùn ọjọ́ Àìkú.

Fineasi ni. Ọmọ àbúrò mi, bàbá ọmọ tí à ń sọ lórúkọ. Òun ló máa ń ra epo wá. Wọ́n ti lu omi mọ́ ọn fún un. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún un pé ojú ló fi ń ra epo, kì í fi imú rà á. Láàárọ̀ yìí ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ nínú ọkọ̀ àwọn àna mi." Mo ní mo lọ́kọ̀ tèmi. Ó wo ẹnu táǹkì ọkọ̀ mi. "Ó dáa, Màmá." Ó lọ.

Omi kọ́. Omi kì í rùn.

Ọjọ́ Àìkú... Kò sẹ́ni tó ń ta epo lọ́jọ́ Àìkú ní gbogbo erékùṣù Tonga, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kan sílé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tí a fi ń daná ààrò inú ilẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní Sátidé tó kọjá, ta ló gbé kẹ́ẹ̀gì dà sí táǹkì? Ilẹ̀ ti ń ṣú, kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sì jọra. Èmi ni. Èmi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ mi.

Lọ́jọ́ kejì, bẹntiróòlù tó ṣẹ́kù ni wọ́n dà sí ààrò, iná fò sókè, ó jó irun iwájú Lesieli, ìyàwó Fineasi. "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ lo fẹ́ sun ni, àbí ara rẹ?" Èmi ni mo sọ ọ́. Ní Mọ́ńdè, mo rí okùn pupa lọ́rùn kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Mo bi Fineasi pé kí ni ti okùn. "Ó kàn wù mí ni, Màmá."

Ó mọ̀.

Láti Mọ́ńdè ló ti mọ̀. Níbí, arábìnrin bàbá ẹni ni olórí ẹni, òun ló sì ń sọ ọmọ ẹni lórúkọ. A kì í wò ó lójú kí á ní ó ṣì í ṣe. Ó so okùn kí n má baà ṣì í gbé mọ́, ó panu mọ́, ó ń gba èébú...

Aago ìkejì nìyẹn.

Ó dáa. Mo ti mọ àìsàn, mo ti mọ ẹni tó kó o ràn án. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́, ó kú. Kò burú. Ẹni tó gbé ahọ́n mì nítorí mi kò ní jẹ́ kí àlùfáà da omi sórí ọmọ yẹn kí n tó dé. Yóò wá nǹkan sọ. "Ó kàn wù mí ni, àlùfáà."

Orúkọ méjì ni mo ń gbé lọ: ti ọmọ, àti ti ẹni tó da kẹrosíìnì sí táǹkì. Èmi ni mo máa pe méjèèjì sókè, lójú gbogbo wọn.

Mo tún yí i.